Ẹ bèèrè nọ́ńbà tó wà lórí sítíkà kí ráótà tó kú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ títún ráótà ṣe, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, ni mo ń ṣe ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráótà kò bá tún sọ́fítíwia rẹ̀ ṣe mọ́, sọ́fítíwia mìíràn tó ń jẹ́ OpenWrt la máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọdún 2004 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ ráótà tí ì bá ti dé ààtàn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí nítorí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni bí nọ́ńbà kékeré kan ṣe ń pa ráótà àwọn èèyàn. Ẹ wo TP-Link TL-WR841N. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, inú wọn ló yàtọ̀. Flash, ìyẹn ibi tí sọ́fítíwia ń gbé, jẹ́ MB 8 nínú ẹ̀dà kẹtàlá (v13), RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń lò bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, sì jẹ́ MB 64. Nínú v14 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, flash jẹ́ MB 4, RAM jẹ́ MB 32 péré. Ta ni yóò rò pé àbúrò ni agbára rẹ̀ kéré jù? Abẹ́ ráótà ni nọ́ńbà yìí wà, lórí sítíkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Ver”, ó sì tín-ín-rín débi pé iná fóònù la fi ń wò ó. Àwọn oníbàárà á gbé e wá nígbà tó ti kú: iná kan ṣoṣo ló tàn, Wi-Fi ò jáde. Sọ́fítíwia ẹ̀dà mìíràn ni wọ́n fi sí i. Wọ́n á ní àwọn rí orúkọ ráótà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n ní OpenWrt bá a mu. Nígbà mìíràn, àfi ká tú u, ká jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó jí.

Kì í ṣe pé OpenWrt fi nǹkan pa mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì ńlá tí wọ́n ń pè ní Table of Hardware. Wọ́n tilẹ̀ kìlọ̀ pé 19.07 ni ẹ̀dà OpenWrt ìkẹyìn fún àwọn ráótà tó ní flash MB 4 àti RAM MB 32. Ṣùgbọ́n ojú ewé ọ̀tọ̀ ni ìkìlọ̀ yẹn wà, tábìlì náà fẹ̀, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ń wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìkànnì OpenWrt kọ́kọ́ fi àwòrán abẹ́ ráótà han èèyàn, kó bi í pé, “Ver wo ló wà níbí?” Lẹ́yìn náà ni kó wá to ẹ̀yà ara ráótà náà lọ́kọ̀ọ̀kan: Wi-Fi, ihò wáyà, ihò USB, módẹ́ẹ̀mù. Kó kọ “ó ń ṣiṣẹ́” tàbí “kò ṣiṣẹ́” síwájú olúkúlùkù wọn. Pé ráótà tàn kò túmọ̀ sí pé Wi-Fi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń lo ṣíìpù Wi-Fi ti ilé-iṣẹ́ Broadcom ló ń fìyà jẹni lórí OpenWrt.

Àwọn tó ń lo OpenWrt náà ló ń kọ ojú ewé ìkànnì rẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè fi tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń ké sí yín. Mo ti ń ya àwòrán sítíkà ráótà tó bá dé orí tábìlì mi, màá sì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkànnì, kó wá tún ojú ewé náà tò. Ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa, kó túmọ̀ ìkìlọ̀ náà. Mo ní ráótà tí ẹ lè fi dánra wò, oríṣiríṣi ẹ̀dà.

Oníṣẹ́ ráótà,
Ọ̀tígbà, Ìkẹjà.