Ta ló ní ọ̀fẹ́ lomi ayé òyìnbó?

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú tó ń bí mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yanran dé, kò kí mi, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó kun gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì mi, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì kó lè mú dáadáa. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní bíìlì omi ni. Mo ní omi wo? Ó ní, "Baba, ìwé ni wọ́n fi rán mi, wọn ò fi omi rán mi." Kí n tó la ẹnu, ó ti dé géètì kejì.

₦18,600. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìnkùlé mi, ọdún kọkànlá rèé tó ti da omi kẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ọmọ ilé ń fi báàgì síkúùlù kọ́ ọ, abẹ́ ẹ̀ ni adìyẹ ìyá alákàrà ojúlé kejì ń yé sí. Tí ń bá fẹ́ wẹ̀, àfi kí n pe ọmọlanke, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, kí n san owó kí n tó rí omi bu sójú. Ní ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí mi ò bá san láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn á wá gé omi mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n, èwo ni wọ́n fẹ́ gé?

Mi ò ní dárúkọ ìlú tí mò ń gbé báyìí, mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan, àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn.

Ohun tó wá jẹ́ kí n mú bírò ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà lẹ gbé lẹ́tà ẹnì kan jáde, tó ní ayé òyìnbó ló sàn, pé ẹ̀rọ ń dà tọ̀sán tòru, pé ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé bóyá ká kúkú lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Mo kà á tán, mo gbójú sókè wo ìwé tó wà lára géètì, ẹ̀rín pa mí. Ta ló ní ọ̀fẹ́ ni? Ọ̀dọ̀ òyìnbó yẹn gan-an làwọn tiwa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó omi tí ò tíì dé.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ọ̀rọ̀ omi Èkó, inú ilé la ti gbọ́ ọ. 1908 ni, Walter Egerton ni gómìnà. Ó ní òun fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí àwọn onílé máa san owó omi. Wọn ò tíì ri páìpù kankan mọ́lẹ̀ nígboro nígbà yẹn o. Owó ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ará Èkó ní kí ló dé, kànga wà lágboolé, òjò sì ń rọ̀, ta ni wọ́n ń fa omi yìí fún gan-an? Wọ́n ní òyìnbó tó fẹ́ ẹ ni kó san án. Wọ́n rọ́ lọ bá gómìnà. Ọdún yẹn náà ni dókítà méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, dókítà ni mo pè wọ́n! Àwọn tó mọ ohun tí omi ìdọ̀tí ń dá sí èèyàn lára ju gbogbo wa lọ. Tí irú wọn bá dìde sọ̀rọ̀, ẹ ò lè sọ pé omi tó mọ́ ni wọ́n kórìíra. Owó tí wọ́n fẹ́ bù lé wọn lórí láì bi wọ́n, tí wọn ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ná an, òun ni wọ́n kọ̀.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn tún ní òyìnbó ò kówó jẹ. Háà. 1908 kan náà ni Herbert Macaulay, tó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ sọ́fíyọ̀ tẹ́lẹ̀, bọ́ síta tó ń tú àṣírí ohun táwọn òyìnbó ń fi owó réluwé ṣe. Ẹ lọ bi àwọn tó mọ ìtàn.

Nígbà tí omi fi máa ṣàn wọ Èkó láti ilé iṣẹ́ omi tó wà ní Ìjù, ó ti di 1915. Ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò àwọn èèyàn nìyẹn. Owó omi tún dé, ariwo tún sọ lọ́dún 1916. Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, kò bá ìjọba ti àwọn èèyàn ẹ̀ ṣubú, òun náà sì fojú winá wọn nígbẹ̀yìn, 1925 ni wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó di 1931 kó tó padà wálé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi nìkan kọ́ ló fa ìyẹn, ẹ má fi lẹ́tà kọ́ mi ní ìtàn.

Ta ló wá mu omi náà? Ìyá tó bí ìyá mi máa ń ru ẹyin lọ tà ní Ìkòyí nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ní inú ilé lẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ní ilé ìdáná, ní balùwẹ̀, ó tún wà níta tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Òun tó ń wo òdòdó tó ń mu omi yìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni òun àti gbogbo òpópó ilé wọn ń tò sí, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti ń fi garawa sàmì sórí ìlà, bí garawa ẹ bá sì ṣubú, o ti pàdánù ipò ẹ nìyẹn, ìjà ti dé. Òun náà ló wá sọ ti wolé-wolé fún wa. Ìgbà tí ìlà ti gùn tó báyẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ tọ́jú omi sínú àmù, àbí? Wolé-wolé á wá wọlé pẹ̀lú káákí ẹ̀, á ṣí ìdérí àmù, á fi ojú kan wo inú ẹ̀, tó bá rí tanwíjí méjì péré tó ń jó nínú omi, á da omi náà nù pátá sí ojúde, á wá kọ orúkọ onílé lọ sí kóòtù. Ìyá mi àgbà ní ọjọ́ tí wọ́n da ti àwọn nù, ìlà wákàtí mẹ́ta ló bá ilẹ̀ lọ, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tún lọ san owó ìtanràn. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ń fa ibà, MacGregor tó jẹ́ gómìnà nígbà tí Egerton ò tíì dé, dókítà lòun náà, ó gbẹ́ odò lílà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè láti fa omi àbàtà kúrò. Ìyẹn dáa. Àmọ́ kí wọ́n fún gbogbo òpópó ní ẹ̀rọ kan, kí wọ́n wá máa mú èèyàn pé ó tọ́jú omi sílé, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ má sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ agbépóò. Òyìnbó fi Èkó sílẹ̀ lọ ní 1960, kò ri páìpù ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìlú, orí èèyàn ni wọ́n fi ń ru ú lóru. Èmi gan-an bá wọn láyé, a máa ń di imú sá wọlé, ẹ ò sì gbọdọ̀ bú wọn, torí ohun tí wọ́n lè dà sí yín lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọ̀ ní ọjọ́ kan.

Kì í ṣe Èkó nìkan o. Ẹ béèrè Ogun Àdùbí lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá. 1918, wọ́n gbé owó orí tuntun dé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn lọ la ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́ láì fún wọn ní kọ́bọ̀, ìgbà tó sú wọn, wọ́n hú irin réluwé. Ìjọba kó ṣọ́jà dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Èmi gbà pé ibi táa ti kọ́ "iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ẹ̀" nìyẹn. Ta ló fẹ́ làágùn nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi tipátipá kó o lọ ṣe, tí ò lówó nínú, ojú ọ̀nà tó jẹ́ pé mọ́tò ajẹ́lẹ̀ ló máa gbà á? Ní 1947 sí 1948 àwọn ìyá wa lábẹ́ Funmilayo Ransome-Kuti tún jókòó sẹ́nu géètì ààfin l'Abẹ́òkúta, wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fi ti àwọn ṣe nígbà ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ wọn ò lágbára. Afárá Carter, 1901. Réluwé dé Ìbàdàn lọ́dún yẹn kan náà. Ìjù ń bẹ níbẹ̀ dòní. Tí òyìnbó bá fẹ́ kí nǹkan dé etí òkun, irin á le, bíríkì á le. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irin yẹn dorí kọ, ẹ ó mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, ìwé owó ni wọ́n gbà, wọn ò gba ẹ̀rọ. Mo tún ń sọ ọ́: ọdún kọkànlá, omi ò dà, ìwé ń dé. Àwọn ọ̀gá ti wá lọ fún kọ́ńtírátọ̀ ní iṣẹ́ pé kó máa bá wọn gba owó, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, kò mọ̀ bóyá ilé ni àbí ilẹ̀ òfìfo. Wọ́n fi bíìlì sílẹ̀ fún pálọ́ọ̀tì kan ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀! Tí o bá dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n á ní kóo kọ́kọ́ san, kóo wá kọ̀wé lẹ́yìn náà, kóo máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ajé dé, ọ̀gá wà ní mítíǹ. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo lọ gbẹ̀yìn, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí n bá òun ra omi pọ́ọ̀wọ̀ wá níta kí òun tó wo fáìlì mi, torí omi ò dà lọ́fíìsì. Lọ́fíìsì omi!

Ojútùú tèmi rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síta bó ṣe wà. Kí wọ́n kan bọ́ọ̀dù kan mọ́ òpópó kọ̀ọ̀kan, pátákó lásán, kì í ṣe ti iná, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún bíi ti síkúùlù. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan mẹ́ta péré síbẹ̀ lóṣooṣù: ọjọ́ mélòó ni omi dà ní òpópó yìí, èló ni wọ́n gbà ní òpópó yìí, èló ni wọ́n fi ra dísẹ̀lì, èló ni wọ́n fi tún páìpù ṣe (ó ti di mẹ́rin, ẹ má bínú). Kí èèyàn méjì láti òpópó náà fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, torí àwọn obìnrin ló mọ ọjọ́ tí omi dà, àwa ọkùnrin kàn ń gbọ́ ni. Níbi tí omi ò bá ti dà fún odidi oṣù kan, kí bíìlì oṣù yẹn jẹ́ òdo, kò ní àlàyé. Ẹ máa sọ pé òjò á pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́. Kí wọ́n fi páànù bò ó lókè. Ẹ máa sọ pé àwọn tọ́ọ̀gì á jí pátákó. Kí wọ́n kàn án mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa jí i. Ẹ máa sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ á kọ irọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́! Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ ogún lomi dà ní òpópó wa, kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí ìyá alákàrà á ti kà á lójú gbogbo wa, a ó jọ wo bí ilẹ̀ ṣe máa ṣú níbẹ̀. Mo ti sọ fún alága ẹgbẹ́ onílé wa, ó ní àbá náà dáa, ó ní òun á gbé e lọ fún káńsọ́lọ̀, oṣù kẹrin rèé.

Kí wọ́n sì fi mítà sí ilé tí omi bá ń dé. Kí wọ́n san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ebi ń pa wọ́n.

Ẹni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, ẹ bá mi kí i. Kó lọ bi ìyá ẹ̀ àgbà bó bá ṣì wà láyé, kó bi í pé èló ni wọ́n fi tanwíjí méjì gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní tèmi, ìwé yẹn ṣì wà lára géètì, mi ò já a, mi ò sì ní san án. Ọjọ́ mẹ́rìnlá á pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n fẹ́ gé omi, géètì á wà ní ṣíṣí, kí wọ́n ṣáà rọra tẹlẹ̀ bí wọ́n bá dé ìdí ẹ̀rọ, adìyẹ ìyá alákàrà ti ń sàba lábẹ́ ẹ̀ láti ìjẹta, ó ń sọ èèyàn lẹ́nu.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ra omi ọmọlanke