Ẹ má tíì ta lẹ́tà òjé yẹn o!

Ẹ̀yin àgbà onítẹ̀wé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé ẹnìkan nínú wa fẹ́ kó àpótí lẹ́tà òjé tó fi ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, pàápàá tí ẹ, ọ àti ṣ wa bá wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò wọ́pọ̀ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ẹ̀rọ Linotype tó ń yọ́ òjé da odidi ìlà kan lẹ́ẹ̀kan ò tíì dé Amẹ́ríkà gan-an àfi 1886. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ka lẹ́tà ní ìdojúdé (àwọn ọmọ ìsinyìí ò ní gbà gbọ́), kẹ́ ẹ ya fọ́tò àpótí yẹn síbí. Ẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀ o, òjé ò dáa lára.