Má Bá Wọn Kọ FTO Sára Ìgò Agbo

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Bàbá rẹ wà, ara rẹ̀ le, àwọn àbúrò rẹ náà wà. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, a sì ti ya tìrẹ sọ́tọ̀.

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì tún un kà. O ní ọkùnrin tó ń ta agbo inú ìgò ní Adó fẹ́ kí o bá òun kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò náà, pé agbo yẹn ń dí FTO, purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, lọ́wọ́, pé ó sì ń wo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ó máa fún ọ lówó, owó náà sì tó san ohun tó kù nínú owó iléèwé rẹ. O bi mí pé kí ni mo rò sí i. Má ṣe é, ọmọ mi. N kò ní fi àṣẹ ìyá nìkan dá ọ dúró, torí o ti dàgbà, ìwé rẹ sì ti ju tèmi lọ. Inú iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣe ni ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi nínú àwọn ìwé rẹ tó wà nílé, tí mo máa ń kà lálẹ́.

Bí mo bá ń ronú nípa RNA, àrokò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. RNA ni ìránṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ jíìnì, tó ń lọ jẹ́ ẹ kí sẹ́ẹ̀lì lè mọ purotéènì tó yẹ kó ṣe. Láyé àwọn baba wa, iye owó ẹyọ tó wà lára okùn àti bí wọ́n ṣe dojú wọn kọra ló ń sọ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ tàbí ìjà. Àmì kékeré tí ẹ ń pè ní m6A ni owó ẹyọ ti RNA. Purotéènì METTL3 ló ń so ó mọ́ ọn, METTL14 ń bá a di okùn mú. FTO àti ALKBH5 ń tú u. Àwọn bíi YTHDF1 àti IGF2BP2 ló ń kà á, kíkà wọn ló sì ń sọ bóyá iṣẹ́ náà máa pẹ́ nílẹ̀ tàbí ó máa tètè jẹrà, bóyá purotéènì púpọ̀ máa ti inú rẹ̀ jáde tàbí díẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé FTO ń tú àmì yìí. Ìmọ̀ tuntun ni.

Mo bẹ̀ ọ́, dúró pẹ́ díẹ̀ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn olùwádìí kan rí i pé METTL3 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ó ń so àmì mọ́ RNA HK2, purotéènì tó ń bẹ̀rẹ̀ lílo ṣúgà nínú sẹ́ẹ̀lì, YTHDF1 ń kà á, HK2 á wá pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á sì máa jẹ ṣúgà àjẹkì. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á ní àmì yẹn ni ọ̀tá, kí a sáà tú u dànù. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ rí FTO tó pọ̀ nínú jẹjẹrẹ kan náà, tó ń tú àmì kúrò lára RNA β-catenin, purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀, tí β-catenin fi ń pọ̀, tí jẹjẹrẹ náà kò fi gbọ́ ti oògùn àti ìtànṣán mọ́. Ẹni tó ń so ó ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ẹni tó ń tú u náà ràn án lọ́wọ́! Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ tí àmì náà wà lára rẹ̀, ibi tó wà lára iṣẹ́ náà, àti ẹni tó kà á, àwọn ló ń pinnu ohun tó máa yọrí sí. Ta ló wá tó láti sọ fún obìnrin kan ní Ìjerò pé bí ó bá ti dí FTO lọ́wọ́, ó parí?

FTO sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá pẹ̀lú. O ti rí i kà pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ìdílé kan tí FTO wọn kò ṣiṣẹ́ rárá kò dàgbà bó ṣe yẹ, wọn kò sì pẹ́ láyé. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dí lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ pẹ̀lú ife agbo kan. Àwọn tó ṣe oògùn STC-15, èyí tó ń dí METTL3, kò kọ nǹkan kan sára ìgò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn aláìsàn ní 2022, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò nínú àwo àti lára ẹranko.

Mo fẹ́ kí o rántí ẹni tí sẹ́ẹ̀lì HeLa, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ẹ ń tọ́jú nínú àwo fún ìwádìí, ti wá. Henrietta Lacks ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìyá ọlọ́mọ. Wọ́n gé e lára rẹ̀ ní Baltimore ní 1951 láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, jẹjẹrẹ yìí kan náà sì pa á lọ́dún yẹn, ní ọmọ ọdún 31. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rántí rẹ̀. Kò yẹ kí a tún mú ohun tí a rí lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú àwo, ká fi tan obìnrin mìíràn jẹ.

Ohun mìíràn wà tí ọkùnrin yẹn kò ní sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. FTO àti METTL3 kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí. Fáírọ́ọ̀sì HPV ni, tí èèyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀. Harald zur Hausen àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì rí irú 16 nínú jẹjẹrẹ yìí ní 1983, wọ́n sì rí irú 18 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Purotéènì E6 tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì náà ń run p53, E7 ń gbé Rb dè, àwọn méjèèjì tó yẹ kó máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yìn náà ni àwọn tó ń so àmì àti àwọn tó ń tú u, tí ò ń kọ́ nípa wọn, ń bá a gbé e. Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì ti wọlé títí di jẹjẹrẹ sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20, àfi fún ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dín kù.

Ọdún wọ̀nyẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, Àbẹ̀ní. Nínú wọn ni a ti lè rí àbùkù kékeré náà pẹ̀lú ìdánwò HPV tàbí ọtí kíkan tí nọ́ọ̀sì ń fi pa ẹnu ilé-ọmọ, ká sì tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹyọ kan péré. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo tọ́jú obìnrin kan tó ti pẹ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Agbo ló ń mu nílé títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí kò sì lè tọ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá ìtọ́jú ṣì wà fún òun. N kò lè fún un ní èsì tó fẹ́ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi kọ, ọmọ tó kàwé nípa jẹjẹrẹ, bá wà lára ìgò tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé wá sílé, kí ni mo fẹ́ sọ?

N kò ní kí o kórìíra agbo, ìyá ìyá rẹ fi tọ́ gbogbo wa. Bí ọkùnrin náà bá gbà pé nǹkan wà nínú ewé rẹ̀, sọ fún ọ̀gá rẹ ní yàrá ìwádìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe tọ́, kó má sì tà á fún jẹjẹrẹ títí tí èsì á fi jáde. Dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí àgbà ni. Má kọ ọ́ sórí fóònù, lọ bá a fúnra rẹ.

Bí o bá sì ti pé 30, lọ ṣe ìdánwò tìrẹ, kí o mú ẹ̀gbọ́n rẹ dání. Ó ti ń sá fún un tipẹ́.

Ní ti owó iléèwé, kọ iye tó kù ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bàbá rẹ ní kí a ta lára kòkó tó wà nílẹ̀, èmi náà sì máa fi díẹ̀ kún un.

Ìyá rẹ