Lẹ́tà sí ìyá tó wá sí kẹ́míìsì ní Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ ò lè rántí mi. Lọ́dún 2000, èmi ni ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀gá ta oògùn nígbà ọlidé ní kẹ́míìsì kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, ní Òṣogbo. Ẹ na ìwé dókítà sí wa, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó tí ẹ dì sí etí ìró. Ọ̀gá ka ìwé náà, ó mirí. Ó ní bí ẹ bá tilẹ̀ rí oògùn yìí ní Èkó, àfi kí ẹ ta ilé kí ẹ tó lè máa lò ó. Ẹ rọra di owó yín padà. Ẹ ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ẹ sì lọ.

Ẹ̀yìn yín ni ọ̀gá tó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àrùn kògbóògùn, ìyẹn éèdì (AIDS), ni.

Ní yunifásítì ni mo ti wá kà á pé láti 1996 ni wọ́n ti mọ̀ pé oògùn mẹ́ta tí a bá lò pọ̀ ń ká HIV, kòkòrò tó ń fa àrùn náà, lọ́wọ́ kò. Ó dùn mí wọra. Àrùn yín gbọ́ oògùn, ìyá! Oògùn ni kò dé Òṣogbo.

Ìwé àṣẹ tó ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ṣe é ló sé ọ̀nà. Oògùn ọdún kan fún ẹnì kan lé ní 10,000 dọ́là. Ní 2001, Cipla, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Íńdíà, ní àwọn á ṣe é ní 350 dọ́là. Lọ́dún yẹn náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale ní Amẹ́ríkà pariwo lórí stavudine, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, nítorí yunifásítì wọn ló ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Prusoff, tó wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí oògùn náà, gbè sẹ́yìn wọn, títí ilé iṣẹ́ tó ń tà á fi gbà pé òun ò ní dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní South Africa.

Olùwádìí lèmi náà báyìí. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kankan, mo máa ń bèèrè pé: ta ló máa lè rà á? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìyẹn. Mi ò gbà. Oògùn tó wà nínú ìgò ní yàrá ìwádìí kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn.

Láti 2010 ni àjọ Medicines Patent Pool ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún ẹlòmíràn láyè láti ṣe oògùn wọn. Ní 2023, Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń náwó sí ìtọ́jú àrùn yín, ń ra oògùn rẹ̀ ti ọdún kan fún ẹnì kan ní iye tí kò tó 45 dọ́là.

Mo tún gba Ọjà Ọba kọjá láìpẹ́ yìí. Aṣọ ni wọ́n ń tà níbi tí kẹ́míìsì wà. Mo dúró, mò ń wo ojú àwọn ìyá tó ń lọ tó ń bọ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ yín.