Gángan tí ẹ fẹ́ rà fún ọmọ yín, ṣé ó lè sọ̀rọ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí tó fẹ́ ra gángan fún ọmọ wọn létí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dídán kùn, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé ni, kì í ṣe ìlù. Ọmọ á fún un títí, ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa gbọ́, yóò sì gbà pé òun ni kò mọ ìlù í lù. Ibi tó ń dùn wá jù nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi sọ "ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́". Ó máa fún ọṣán, ìyẹn okùn awọ tó yí ìlù ká, dé ìdajì fún "ọ" nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, yóò dẹ̀ ẹ́ pátápátá fún "kọ̀", yóò fi í sílẹ̀ ní ìdajì fún "kọ", yóò sì fún un dópin fún "kọ́". Bí etí yín kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Awọ tó nípọn jù ló sábà máa ń fà á. Awọ ọmọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló yẹ ojú gángan. Ẹ tún fọwọ́ tọ ọṣán yípo. Bí apá kan bá le tí apá kejì dẹ̀, wọn ò dè é dọ́gba nìyẹn, ohùn rẹ̀ kò ní dúró sójú kan. Ẹ wo ara igi náà dáadáa, pàápàá níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín: igi tí kò gbẹ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ yóò là bó bá yá.

Ọmọ ọdún 6 sí 8, kànnàngó, ẹ̀yà irú ìlù yìí tó kéré jù, ló tó o. Ẹ gbé e sí abíyá rẹ̀. Bí kò bá lè tẹ ọṣán mọ́ra láìgbé èjìká sókè, ìlù náà tóbi jù fún un. Ọlọ́wọ́ òsì á gbé tirẹ̀ sí abíyá ọ̀tún, ẹ má fipá yí i padà. Orí kọ̀ǹgọ́, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń lù ú, tó tẹ́ ni kó máa kan awọ. Bí etí rẹ̀ bá mú, ẹ fi sáńpépà ra á, torí òun ló ń lu awọ já.

Ẹ má fi ìlù sílẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan: awọ á gbẹ, á fà, á sì ya létí. Bí ọ̀rinrin bá mú un rọ̀, ẹ sá a díẹ̀.

Awọ ìlù ọmọdé yóò ya lọ́jọ́ kan ṣáá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá agboolé onílù tó súnmọ́ yín, ní Ọ̀yọ́, Ìbàdàn tàbí Ìsẹ́yìn, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó lè tún awọ bò ó lè bá yín yan ìlù, ó sì lè kọ́ ọmọ náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn onílù kan, Ọ̀yọ́