Ojú ni mo wọ̀n, Fọláṣadé

Lágere,
Ilé-Ifẹ̀.

Fọláṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ Màámi ní Mọdákẹ́kẹ́, àwọn ìbejì Títí sì ti ń rìn.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni mo bá wá. O rántí bí inú mi ṣe dùn pé bí mo bá ní kí àwọn ènìyàn wá lẹ́tà kan láàárín ọ̀pọ̀ lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, iná ọpọlọ wọn, ìyẹn iná kékeré tí ọpọlọ ń mú jáde tí mo ń fi wáyà orí agbárí wọ̀n, ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ náà bá ṣe le tó. Àṣé ojú wọn ni mo ń wọ̀n! Ẹyinjú dà bí bátìrì: iwájú rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ nẹ́gátíìfù, nítorí náà, ìgbàkígbà tí ó bá yí, iná ara rẹ̀ á bá a yí, á sì dé ara wáyà tí a lẹ̀ mọ́ agbárí. Ẹni tó ń wá nǹkan sì máa ń gbé ojú láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; ìpajú kan ṣoṣo pàápàá lè bo iná ọpọlọ mọ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo tẹ́ àkọsílẹ̀ ẹnì kan sílẹ̀ títí bátìrì kọ̀ǹpútà mi fi kú. Bí ìlà wáyà ẹ̀bá ojú bá ti fò, ti iwájú orí náà á fò. Ní ìpàkọ́ nìkan ni mo ti rí òkè kékeré kan tí ń yọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí ojú bá balẹ̀. Ìyẹn, ó dá mi lójú pé ọpọlọ ni, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń gba ohun tí ojú rí.

N kò lè da àkọsílẹ̀ yìí nù. Àwọn obìnrin tó wá kò pọ̀, nítorí wáyà kì í jókòó dáadáa lórí ṣùkú, n kò sì lè ní kí ẹnikẹ́ni tú irun tí ó fowó dì. Arnelle Etienne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà, ti ṣe irú èyí tí ń há sáàárín irun dídì, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọwọ́ wa.

Ní ìlú Jena ní Jámánì tí o wà yẹn ni dókítà Hans Berger ti kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924. Jọ̀wọ́, bá mi wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń ya ti ojú kúrò nínú ti ọpọlọ níbẹ̀, kí ó wo àkọsílẹ̀ ẹni mẹ́fà péré. N kò tíì lè sọ fún ọ̀gá mi, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì kù tí màá dúró níwájú àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ mi wò.

Mo ń retí rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Mojísọ́lá