Lẹ́tà láti Caen sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Nítorí Ọ̀rọ̀ Dàpọ̀

Caen, ilẹ̀ Faransé

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì rí àwòrán ìwé ìsìnkú bàbá Dàpọ̀ ọmọ yín tí wọ́n ń pín kiri. Mo ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Wọ́n kọ ti ọmọ tó wà ní Kánádà, wọ́n kọ ti ọmọ-ọmọ tí kò tíì lè rìn, wọn ò kọ ti Dàpọ̀, torí pé ìta ni bàbá rẹ̀ bí i sí. Ó ṣe mí bíi kí n pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹnu tí mo ní bí inú bá ń bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún Dàpọ̀ kó kà á fúnra rẹ̀.

Ara ìyàwó mi le, ọmọ tuntun náà ń mu ọmú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Orúkọ tí Màmá fún un ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Àtigba ìwé ìbí yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí èèyàn bá bímọ níbí, ọjọ́ 5 ni òfin fún un láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìjọba ìlú. Mo kó ìwé mi dání, mo lọ. Obìnrin tó ń kọ orúkọ bèèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi. Mo ní a ṣe ìdána, a san owó orí, tẹbí tará ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti sí ìwé, àfi kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni bàbá ọmọ. Àǹtí, ọmọ tí ẹ̀yin gan-an rù ẹrù ìdána ìyá rẹ̀! Mo gbé bírò, mo fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Òfin wọn ò tún ya ọmọ tí wọ́n bí sílé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n bí síta mọ́. Ní 2005 ni wọ́n tilẹ̀ yọ orúkọ méjèèjì tí wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ níyà kúrò nínú ìwé òfin.

Ilé tí ìjọba ìlú yìí ń lò, ilé àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kristi tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà ni látijọ́, ó sì so mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Saint-Étienne. Bí mo ṣe jáde, mo yà síbẹ̀ láti dúpẹ́. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ lápá iwájú, wọ́n kọ èdè Látìnì sára rẹ̀. Ibojì William ni, ẹni tó ré òkun kọjá lọ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Aṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é báyìí. Kó tó di Aṣẹ́gun, ọmọ àlè ni wọ́n ń pè é.

Mo mọ̀ pé Dàpọ̀ fẹ́ràn àwọn fíìmù onídà àti dírágónì yẹn, níbi tí ọmọ tí ọba bí síta ti máa ń gorí ìtẹ́ níkẹyìn, tí gbogbo ayé á wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún un. Mo ti yá ìwé nípa rẹ̀ ní láíbírì, mo ń kà á lóru nígbà tí ọmọ ò bá jẹ́ kí a sùn.

Falaise ni wọ́n ti bí i, ní 1027 tàbí 1028. Ìlú náà ò jìnnà sí wa níbí, bíi kìlómítà 35. Robert, tó di Dúùkù Normandy, ìyẹn olórí gbogbo ilẹ̀ yìí, ni bàbá rẹ̀. Herleva ni ìyá rẹ̀, ọmọ ará ìlú kan tó ń jẹ́ Fulbert. Àwọn kan ní iṣẹ́ awọ ni Fulbert ń ṣe, àwọn mìíràn ní òkú ló ń tọ́jú fún ìsìnkú. Èyí ó wù kó jẹ́, iṣẹ́ tó ń rùn ni. Robert ò gbé Herleva níyàwó. Nígbà tó yá, ìjòyè kékeré kan tó ń jẹ́ Herluin ló fẹ́ ẹ. Kì í sì í ṣe pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí wọn o. Richard Kìíní, baba-ńlá William, tó ṣe olórí Normandy láti 942 títí di 996, Sprota, ìyá tirẹ̀, kò bá bàbá rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Kò sẹ́ni tó fi dí Richard lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yí padà, àárín ìyípadà yẹn gan-an ni wọ́n bí William sí.

Nígbà tí Robert ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, ó mú ọmọ náà síwájú wọn, ó ní kí wọ́n búra fún un. Wọ́n búra. Ní 1035, Robert kú sí Nicaea nígbà tó ń padà bọ̀ wálé. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ni William.

Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí, òkú ọ̀run la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá Dàpọ̀ ò ṣe nìyẹn. Ó wá síbi ìsọmọlórúkọ lóòótọ́, ó fi owó sínú àwo omi, ó fún ọmọ lórúkọ níṣojú gbogbo wa. Àmọ́ kò mú un délé rí, kó dúró láàárín àwọn ọmọ oyè ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní, ọmọ mi rèé. Ẹ̀rù ìyàwó ń bà á, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rù náà pẹ́ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìbúra àwọn ìjòyè Normandy ò fi bẹ́ẹ̀ ran ọmọ náà lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ ọ, wọ́n ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa Gilbert, wọ́n pa Turchetil, wọ́n wọlé pa Osbern nínú yàrá tí ọmọ náà sùn sí. Ìtàn sọ pé Walter, arákùnrin Herleva, ló wá ń sùn tì í lálaalẹ́. Bí ewu bá dé, Walter á gbé e, á gbé e sá lọ sí ahéré àwọn tálákà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí oyè kankan tí Walter fẹ́ jẹ. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo ro ti Dàpọ̀, mo ro ti ara mi níbi tí òkun pín wa sí.

Àwọn iyèkan rẹ̀ náà ńkọ́, àwọn tí Herleva bí fún Herluin? Odo di bíṣọ́ọ̀bù Bayeux, Robert di olórí Mortain, àwọn méjèèjì ló sì tẹ̀ lé e lọ sójú ogun 1066. Aṣọ kan wà ní Bayeux tí wọ́n fi òwú ya gbogbo ogun yẹn sí, ó gùn tó nǹkan bíi mítà 70, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé Odo ló ní kí wọ́n ṣe é. (Wọ́n jà nígbẹ̀yìn, William sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1082. Ẹbí ni wọ́n, kí lẹ ń retí?) Ní ti àwọn ará ilé bàbá, Guy, ọmọ arábìnrin bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, ló kó àwọn ìjòyè jọ láti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1047, ní Val-ès-Dunes, nítòsí ibí, ni William ti ṣẹ́gun wọn, ọba Faransé ló sì wá ràn án lọ́wọ́.

Dàpọ̀, èyí tó kàn yìí, rọra kà á. Ní nǹkan bí 1051, William gbógun ti ìlú Alençon. Àwọn kan gun orí odi, wọ́n na awọ síta, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń fi iṣẹ́ bàbá ìyá rẹ̀ bú u. Nígbà tó mú wọn, ó gé wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ìlú túúbá lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ń ka ìyẹn sí akọni, èmi ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ti ṣẹ́gun tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní olórí, ọ̀rọ̀ awọ ṣì lè sọ ọ́ di ẹranko. Nígbà tó tún di ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará àríwá ṣọ̀tẹ̀, ó ní kí wọ́n sun oko àti ìlú wọn ní ìgbà òtútù 1069 wọ 1070. Ìyàn pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Mo gbọ́ pé ìwọ náà ti ń bá àwọn ọmọ ìta sọ̀rọ̀, pé wọ́n á tẹ̀ lé ọ lọ síbi ìsìnkú lọ da ibẹ̀ rú. Owó wo lo fẹ́ san fún wọn? Bí wọ́n bá ṣe ẹnì kan léṣe, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá? Wọ́n á kọ ọ́ dáadáa níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé àfi kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, kó sọ ọ́ bí Ascelin. William kú ní 1087 ní Rouen. Ó kú tán, ọmọ rẹ̀ kan ti sáré lọ gba adé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí tó ti bá a ṣọ̀tẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn ìránṣẹ́ kó ẹrù inú yàrá, wọ́n fi òkú sílẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí Caen níbí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sin ín ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ascelin dìde láàárín àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni ibi tí wọ́n gbẹ́ yìí, William ló fi agbára gbà á, òun ò gbà kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Wọ́n bi àwọn aládùúgbò, wọ́n ní òótọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sanwó ibojì fún un. Kò mú ẹnì kankan lẹ́yìn, ẹ̀rí ló mú dání. (Nígbà tí wọ́n wá ń ti òkú náà wọnú pósí òkúta, ó sanra ju àyè lọ, ikùn rẹ̀ bẹ́. Àǹtí, ẹ fo ibí bí ẹ bá ń ka lẹ́tà fún Màmá.)

Mo ní ẹnì kan sí i. Henry, àbíkẹ́yìn William, di ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó bí ju 20 ọmọ lọ síta. Ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó ilé bí fún un ló kú sínú omi nígbà tí ọkọ̀ ojú omi rì nítòsí Barfleur ní 1120. Ẹ̀gbọ́n wà nínú àwọn ọmọ tó bí síta yẹn, Robert, olórí Gloucester: ó gbọ́n, ó lọ́wọ́, ó lè jagun. Nígbà tí Henry kú ní 1135, kò sẹ́ni tó fi Robert jọba. Ọ̀rúndún kan péré ló wà láàárín ikú bàbá William àti ti Henry, ilẹ̀kùn tó ṣí fún bàbá-bàbá Robert ti tì mọ́ Robert lójú. Kí ló ṣe? Matilda, ọbàkan rẹ̀ obìnrin, ló tì lẹ́yìn títí ó fi kú ní 1147. Ní 1154, ọmọ Matilda ló gorí ìtẹ́.

Ọbàkan Dàpọ̀ tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́, èyí tó máa ń fi owó káàdì ránṣẹ́ sí i, tó wá kí i ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ nínú ohùn yín. Mo pè é. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní wọn ò fi ìwé ìsìnkú yẹn han òun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, òun sì ti sọ fún olórí ẹbí pé bí wọn ò bá tún un tẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ tòun náà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́. Òun ni kí Dàpọ̀ dúró tì lọ́jọ́ náà, kí ó sì tì í lẹ́yìn bí wọ́n bá ń yọ òun náà lẹ́nu. Kó má lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ní ti ogún, ìyẹn ò ní ariwo. Abala 42 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn dù ú ní ẹ̀tọ́. Ẹ wá àwòrán ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn jáde, èyí tí bàbá rẹ̀ gbé e lọ́wọ́, àti rìsíìtì owó ilé ìwé tó san ní fọ́ọ̀mù kìíní. Ẹ ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi kí eku tó jẹ wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú la máa rí agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ oyè, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Mi ò tíì rí ẹni tí oyè ilé yẹn ṣe láǹfààní.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ lónìí, ó yẹ kó dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọbàkan rẹ̀ ní aṣọ ẹbí ti wà ní Dùgbẹ̀, pé òun máa ra ti Dàpọ̀ mọ́ tòun. Ẹ má jẹ́ kó san án, ẹ yọ ọ́ nínú owó tí mo fi ránṣẹ́. Kí télọ̀ rán an ní agbádá, kì í ṣe bùbá àti ṣòkòtò lásán. Kí Dàpọ̀ pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, mo máa ráyè lọ́jọ́ náà, fóònù mi á wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní ọmọ náà jọ ọ́ níwájú orí.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín.